Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Ìbejì Ephesus?

Kò sí ẹni tó ń ronú orúkọ tí wọn yóò sọ ìbejì nílẹ̀ Yorùbá. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ló tẹ̀ lé e, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ló rán èkejì rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹni tó gba èyí gbọ́ láti kékeré yóò rí ohun tó pọ̀ nínú The Comedy of Errors, eré William Shakespeare tí wọ́n ṣe ní Gray's Inn ní London lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1594.

Ìbejì ọ̀nà méjì ló wà nínú eré náà. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Egeon, oníṣòwò ará Syracuse. Antipholus ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Obìnrin tálákà kan bí àwọn kejì ní ilé èrò tí ìyàwó Egeon bímọ sí, ní wákàtí kan náà. Egeon rà wọ́n kí wọ́n lè máa sin àwọn ọmọ rẹ̀. Dromio ni àwọn náà ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ìjì dé bá wọn lójú òkun. Ìyá mú ọmọ kan àti Dromio kan, bàbá mú àwọn yòókù, wọ́n so ara wọn mọ́ òpó ọkọ̀. Àpáta là wọ́n sí méjì, omi sì gbé oníkálùkù lọ síbi tirẹ̀.

Nígbà tí ọmọ tó kù lọ́wọ́ Egeon pé ọdún 18, ó ní òun ń lọ wá èkejì òun. Kò padà wálé. Bàbá gbéra, ó wá a fún ọdún márùn-ún, títí ó fi dé Ephesus, ìlú tí ahoro rẹ̀ wà ní Tọ́kì lónìí. Ìjà wà láàárín Ephesus àti Syracuse, òfin sì ni pé ará Syracuse tí ọwọ́ bá tẹ̀ níbẹ̀ yóò san ẹgbẹ̀rún máàkì tàbí kó kú. Egeon kò lówó. Wọ́n fún un láyè di ìrọ̀lẹ́. Kò mọ̀ pé ọmọ méjèèjì àti ìyá wọn wà nínú ìlú yẹn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àṣìmú ló kún ojú agbo lẹ́yìn èyí. Adriana, ìyàwó Antipholus tó ń gbé Ephesus, ń bá arákùnrin ọkọ rẹ̀ jẹun, ọkọ gan-an ń kan ilẹ̀kùn níta. Alágbẹ̀dẹ wúrà gbé ẹ̀wọ̀n ọrùn fún ẹnì kan, ó lọ ń béèrè owó lọ́wọ́ èkejì. Ẹ̀rín pọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ń wọ̀ lórí bàbá kan.

Èwo ni kí ìbejì méjì máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo? Shakespeare kò sọ ìdí rẹ̀. Plautus, ará Róòmù tó kú ní ọdún 184 ṣáájú ìbí Jésù, tí Shakespeare mú ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, sọ ọ́. Nínú eré rẹ̀, Menaechmi, wọ́n jí ọ̀kan nínú ìbejì gbé ní Tarentum nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Ìbànújẹ́ pa bàbá. Bàbá àgbà wá pa orúkọ èyí tó kù nílé dà, ó fi ti ẹni tó sọnù pè é, nítorí ìfẹ́ tó ní sí i. Ẹni tó ti rí ìyá tó ń wẹ ère ìbejì, tó ń bu oúnjẹ fún un kí èyí tó wà láàyè má bàa dá wà, yóò mọ ohun tó ń ṣe bàbá àgbà yẹn.

Plautus kò mú òbí kankan padà. Shakespeare ló fi Egeon àti Emilia ìyàwó rẹ̀ kún un, òun fúnra rẹ̀ sì ni bàbá ìbejì: Hamnet àti Judith, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1585. Hamnet kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1596, ọmọ ọdún 11. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ kọ Twelfth Night, níbi tí ọmọbìnrin kan ti rò pé omi ti gbé ìbejì òun lọ, tó sì tún rí i láàyè. Èmi kò lè ka eré yìí kí n má ro ti Judith.

Ní Ephesus, Emilia tó ti di olórí ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn jáde, ó mọ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì tú Egeon sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo wọn wọlé lọ jẹ àsè, ó ku Dromio méjèèjì. Wọ́n ń jiyàn ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò ṣáájú; wọn kò rí i yanjú, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n jọ wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jáde kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, ìyá wọn nìkan ló sì lè sọ ẹni náà. Obìnrin tálákà yẹn kò sí nínú àwọn tó tún ara wọn rí. Shakespeare kò rántí rẹ̀ mọ́, ìyẹn sì dùn mí.

Ẹ̀yin òṣèré orí ìtàgé, ẹ gbé eré yìí wá sí Yorùbá. Kò sí èyí tó kúrú tó o nínú gbogbo eré Shakespeare, Igbó-Ọrà tí ìbejì pọ̀ sí kò sì ní ṣàìrí ìbejì ọ̀nà méjì tí yóò ṣe é. Ẹ wá àyè fún ìyá àwọn Dromio nínú rẹ̀.