Òǹkà Kálórì Ara Ìdì Indomie: Ǹjẹ́ Ó Ṣeé Gbẹ́kẹ̀lé?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ìyá ọlọ́mọ, bí ẹ bá ń gbé ní Festac Town tàbí níbikíbi ní Amuwo-Odofin, ẹ kò ṣàì mọ bí òwúrọ̀ wa ti ń rí. Ìyá tí ó fẹ́ dé Mile 2 kí ọ̀nà tó dí, tí ó sì ní ọmọ méjì tí yóò jẹun kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé, kò ní ààyè àtigún iyán. Omi a hó, Indomie a wọ inú rẹ̀, láìpẹ́ oúnjẹ a délẹ̀. (Indomie náà ni a ń pe gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é.) Láti ọdún 1988 tí a ti kọ́kọ́ kó o wọ Nàìjíríà, tí a sì wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní àárín àwọn ọdún 1990, ó ti di oúnjẹ tí ọmọdé ń fi ẹkún béèrè.

Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ìyá ti ń yí ẹ̀yìn ìdì náà padà kí wọ́n tó sè é. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń wá bí ikùn òun yóò ti fà. Èyí tí ọmọ rẹ̀ rù ń wá ohun tí yóò mú ọmọ náà sanra. Òǹkà kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ta ni ó kà á? Ṣé òtítọ́ ni?

Kálórì ni ìwọ̀n agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Ẹ má ṣe rò pé ẹnì kan jókòó ti ìdì kọ̀ọ̀kan tí ó ń wọn agbára inú rẹ̀. Ìṣirò ni. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Wilbur Atwater, ṣe ìwádìí ohun tí ara ń rí nínú onírúurú oúnjẹ. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti rí òfin tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò títí di òní: gíráàmù kan purotéènì ń mú kálórì 4 wá, gíráàmù kan kábọ́háídírétì ń mú 4 wá, ṣùgbọ́n gíráàmù kan ọ̀rá ń mú 9 wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín lè yẹ òǹkà náà wò. Ẹ mú bírò. Kí á ní a kọ ọ́ pé nínú gíráàmù 100, purotéènì jẹ́ 9, kábọ́háídírétì jẹ́ 63, ọ̀rá jẹ́ 18. Èyí jẹ́ 36, pẹ̀lú 252, pẹ̀lú 162. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 450. Bí ohun tí a tẹ̀ sí ara ìdì bá sún mọ́ èyí, ilé-iṣẹ́ náà mọ ìṣirò. Bí ó bá jìnnà réré sí i, ẹ fura.

Ẹnu lè yà yín pé ohun gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá tó báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti fi òróró dín kí a tó dì wọ́n. Ọgbọ́n tí Momofuku Ando mú jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1958 nìyẹn. Dídín náà ni ó mú omi ara rẹ̀ gbẹ, òun náà ni ó sì mú kí ó tètè rọ̀ nínú omi gbígbóná.

Síbẹ̀, ìṣirò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, òfin fi àyè sílẹ̀ kí kálórì inú oúnjẹ fi ìdá 20 nínú 100 ju èyí tí a kọ lọ. Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára ìdì ń fi hàn pé a forúkọ oúnjẹ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kò túmọ̀ sí pé a ka kálórì ìdì tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ní ọdún 2023, nígbà tí Taiwan àti Malaysia kéde pé àwọn rí kẹ́míkà ethylene oxide nínú irú Indomie kan, NAFDAC yẹ ti ilẹ̀ wa wò, wọ́n sì ní àwọn kò rí i níbẹ̀. Ọ̀ràn ààbò ni ìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ti kálórì.

Ní tèmi, òǹkà náà ṣeé gbà gbọ́ dé ìwọ̀n kan. Ibi tí ó ti ń tàn wá jẹ ni bí a ti ń kà á. Lára ìdì púpọ̀, gíráàmù 100 ni òǹkà náà wà fún, bẹ́ẹ̀ ni ìdì kékeré jẹ́ gíráàmù 70. Bí ó bá jẹ́ 450 nínú 100, ìdì kékeré kan jẹ́ 315. Ìdì ńlá onígíráàmù 120 jẹ́ 540. Ẹni tí ó ra páálí kan ní ọjà Agboju gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n ìdì inú rẹ̀.

Ìkòkò wa ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ kò mọ ohun tí a ó bù sí i. Ṣíbí ńlá kan òróró, tí ó tó gíráàmù 14, jẹ́ kálórì 126. Ẹyin kan ń lọ sí 70. Ẹ wo àwo tí Mọ́là tí ń ta tíì ń gbé fún ọkọ yín lálẹ́: ìdì kékeré méjì, ẹyin méjì, òróró ṣíbí kan, bí kò bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń súnmọ́ 900, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Kò sí irọ́ kankan lára ìdì náà.

Fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ rù, kálórì nìkan kò tó. Agbára wà nínú Indomie, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ kéré. Ẹyin, ẹja tútù díẹ̀ tàbí ẹ̀wà ni yóò bá a ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́ tí ọmọ kò fi ní rí i yọ sọ́tọ̀.

Kí ẹ tó da ìdì náà nù, ẹ wo ìlà sódíọ̀mù pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ ni. Bí a bá kọ mílígíráàmù 800, ó tó iyọ̀ gíráàmù 2, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ṣe tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ kéré sí èyí. Ìdajì èròjà inú láílọ́nù kékeré náà tó fún ọmọ. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ fi ìyókù se ọbẹ̀ lálẹ́.