Ère Róbọ́ọ̀tì láti inú Àlòkù Irin: Ìwọ̀n Orí, Iyọ̀ Òkun àti Ilẹ̀ Ẹrẹ̀ ní Agbègbè Ìlàjẹ

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ère ilẹ̀ Yorùbá, igi, amọ̀, idẹ àti òkúta ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà. Irin kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ, àfi bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀pá Òsanyìn tí ẹyẹ bà lé lórí. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi àlòkù irin ṣe ère róbọ́ọ̀tì inú àwòrán ẹ̀fẹ̀, èyí tí ó ga tó ènìyàn, wò ní etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìrísí róbọ́ọ̀tì kọ́ ni ó ṣòro níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ àti ilẹ̀ tí kò dúró sójú kan ni ìṣòro gan-an.

Fífi àlòkù irin ṣe ère kì í ṣe àṣà tuntun ní apá ibí yìí. Ní Dáhòmì, ṣáájú 1900, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Akati Ekplékendo fi irin tí ó ti ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù wá ṣe ère Gu, òrìṣà irin, tí ó ga tó ènìyàn gidi. Àwọn Faransé kó o lọ nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun ìjọba náà, ó sì wà lára àwọn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n gbé sí Louvre ní Paris ní ọdún 2000. Ní Nàìjíríà, Olu Amoda, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yaba College of Technology, gba ẹ̀bùn ńlá ní ìpàtẹ Dak'Art ní Dakar ní 2014 fún òdòdó kan tí ó fi àjákù irin ṣe. Ní Ilé-Ifẹ̀, Dotun Popoola, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì ibẹ̀ kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ John Lopez ní South Dakota ní Amẹ́ríkà, ń fi àjákù ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe ẹṣin, kìnnìún àti ènìyàn. Ohun tí ó wà lára iṣẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí ni pé kì í fi ohun tí irin náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ pamọ́: ẹni tí ó bá súnmọ́ ère náà yóò rí ṣéènì àti eyín ìdè ẹ́ńjìnnì níbi tí ó ti rò pé iṣan ni òun ń wò.

Orí Róbọ́ọ̀tì

Inú eré oníṣe tí Karel Čapek, ará Czechoslovakia, kọ ní 1920 ni ọ̀rọ̀ náà, róbọ́ọ̀tì, ti tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ tipátipá ni ìtumọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ ní èdè wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ di ohun tí ọmọdé fẹ́ràn. Ní Japan, Osamu Tezuka bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọdékùnrin onírin rẹ̀ ní 1952. Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí mọ̀ọ́mọ̀ sọ orí di ńlá, nítorí ojú àti ẹnu ni ènìyàn fi ń mọ inú ẹni.

Bí wọ́n bá wọn ènìyàn gidi, gíga rẹ̀ a máa tó orí méje tàbí kí ó lé díẹ̀. Ti róbọ́ọ̀tì ẹ̀fẹ̀ kì í ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ère ìbejì. Agbẹ́gilére Yorùbá ti ń fi ìdá mẹ́ta tàbí ìdá mẹ́rin gíga ère fún orí tipẹ́tipẹ́, nítorí orí ni àṣẹ ẹni ń gbé. Ọmọ Ìlàjẹ tí ó bá ń ṣe róbọ́ọ̀tì kò ní láti ya ojú ọnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fún ère tí yóò ga ní 170 sẹ̀ntímítà, ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 57. Àgbá epo onílítà 200, tí ó pọ̀ ní èbúté gbogbo, fẹ̀ tó 58 sẹ̀ntímítà. Bí wọ́n bá gé e ní 57, orí ti dé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi iná kàn án, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì rọ omi kún un títí dé ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọn yóò gé, nítorí òórùn epo tí ó kù nínú àgbá òfìfo lè bú gbàmù. Ara àgbá kò nípọn. Ajórin tí kò bá dín agbára iná kù yóò dá ihò sí i lára. Ojú fìtílà ọkọ̀ ni ojú rẹ̀, sálẹ́ńsà ni apá, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi sì lè jẹ́ etí méjèèjì.

Iyọ̀

Abẹ̀bẹ̀ yìí ni ìjàngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn, irin sì ni àgbá. Bí méjèèjì bá fara kanra, tí omi oníyọ̀ sì rin wọ́n, wọn yóò máa ṣe bíi bátìrì: alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ tán. Nítorí náà kí wọ́n fi rọ́bà tàbí ọ̀rá líle sáàrin wọn, kí bóòtì tí ó dè wọ́n má sì fara kan abẹ̀bẹ̀ náà.

Àwọn awakọ̀ ojú omi mọ ègé síǹkì tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì, tí òkun ń jẹ dípò ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ẹni kan lè rò pé irú ègé bẹ́ẹ̀ yóò gba ère sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi ni ègé síǹkì ti ń ṣiṣẹ́. Lójú afẹ́fẹ́, ibi tí ó fara kàn nìkan ni ó lè ràn lọ́wọ́. Síǹkì tí wọ́n pò mọ́ ọ̀dà, tí wọ́n kun gbogbo ara irin tí wọ́n ti ha mọ́, ni ó wúlò. Páànù òrùlé ti ní síǹkì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ nígbà ìjórin máa ń dá ibà síni lára, ìta gbangba sì ni kí wọ́n ti ṣe é.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í tètè rí. Òjò ń fọ iyọ̀ kúrò ní àtàrí àti èjìká. Kì í dé abẹ́ àgbọ̀n, abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún, ibẹ̀ ni iyọ̀ sì ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni irin ti ń kọ́kọ́ dípẹtà. Kí wọ́n fi omi tútù tí kò níyọ̀ fọ ibẹ̀ déédéé, kí wọ́n sì dá ihò sí ìsàlẹ̀ gbogbo ohun tí ó ní inú, kí omi lè jáde.

Ilẹ̀

Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, lókìkí nígbà kan fún ọkọ̀ kíkàn àti ohun ìní tí gbogbo ìlú jọ ní. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ilé iṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Irin tí ó ṣẹ́ kù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní etíkun kò lọ́nà púpọ̀: oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù yóò rà á ní ìwọ̀n kílò, wọn yóò sì yọ́ ọ níbòmíràn, tàbí kí ẹnìkan fi í ṣe ohun tí ojú àwọn ọmọ ìlú yóò lè máa rí.

Ère olórí ńlá a máa fẹ́ ṣubú, pàápàá níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tó wúwo, bí ìdí ẹ́ńjìnnì dísù, kí wọ́n sì gbé e ka orí pákó tí wọ́n dè mọ́ òpó igi tí wọ́n gún wọ inú ẹrẹ̀, bí wọ́n ti ń kọ́ ilé níbẹ̀. Èyí yóò dí i mú fún ìgbà díẹ̀ ni, nítorí òkun kò tíì dúró. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n jó ọrùn àti ìbàdí rẹ̀ pọ̀. Bóòtì ni kí wọ́n lò níbẹ̀, kí wọ́n fi gíríìsì pa á dáadáa kí ó má baà gan, kí ègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ níwọ̀n tí àwọn géńdé díẹ̀ lè gbé sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ tí ìlú bá ní láti ṣí kúrò.