Ìkanra: Ẹ Wo Ohun Tó Fà Á Kẹ́ Ẹ Tó Bínú Padà

Kí èèyàn máa kanra mọ́ ará ilé lórí ohun tí kò tó nǹkan, kó máa jágbe mọ́ ọmọ, ìwà burúkú ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ìlera ní ìkanra kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Àmì ni, ó ń tọ́ka sí nǹkan tó ń yọ ara tàbí ọkàn lẹ́nu.

Oorun ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán. Apẹja Ìlàjẹ tó fi gbogbo òru wà lórí omi, tí ooru àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án, ibo ló ti fẹ́ rí i? Ọpọlọ tí kò sinmi kì í lè kó ìbínú níjàánu.

Ebi náà wà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá ṣàdédé ń kanra, tó ń làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣúgà ara rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ tètè fún un ní ohun mímu tó ní ṣúgà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ibà, ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti nǹkan oṣù obìnrin náà lè fa ìkanra. Ògógóró tí àwọn kan fi ń pa ìrònú rẹ́ ò ṣèrànwọ́. Ó ń ba oorun jẹ́, bó bá sì dá lójú tán, ìkanra á tún pọ̀ sí i.

Ìrònú wá ńkọ́? Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, ọjọ́ ti pẹ́ tí òkun ti ń gba ilẹ̀ àti ilé mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ilé òun á ṣì dúró tílẹ̀ bá mọ́, ọkàn rẹ̀ ò lè balẹ̀. Kì í ṣe ẹkún nìkan la fi ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin àti ọ̀dọ́, ìbínú ló máa ń bá jáde.

Bí ìkanra bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tí oorun, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ sì dàrú, ẹ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Ẹni tó bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ mú un lọ.

Nínú ilé, kẹ́ ẹ tó jágbe padà, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó sùn, bóyá ó jẹun, àti ohun tó ń dùn ún.