Dúútì: Ìtumọ̀ méjì tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀

Bí wọ́n bá ní ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀bù kan ní Pleasure, ní Alímọ̀ṣọ́, wà ní dúútì, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ta ọjà òkè òkun bá ní òun ti san dúútì, owó ibodè ló ń sọ, irú èyí tí oníbodè ń gbà lẹ́nu odi ìlú láyé àtijọ́. Láti 2015, ìlànà ECOWAS tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ń lò pín in sí márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà.

Ọjà tí wọn kò san dúútì rẹ̀, Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́ ẹni tó rà á pàápàá. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ìwé dúútì. Ojúṣe ẹni tó ń rajà nìyẹn.