Ọkọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ṣì lè pe àlejò wá sí Savalou àti Bantè

Ẹni tó bá ti Bantè gba Savalou lọ sí Dassa, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò ní rí ojú irin kankan títí yóò fi dé Dassa. Ibẹ̀ ni ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, tó gùn tó kìlómítà 438, gbà kọjá. Láti Savalou síbẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30 lọ.

Ọdún 1911 ni irin náà dé Ṣábẹ̀ẹ́. Lọ́dún 1959, Dahomey àti Niger dá àjọ OCBN sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Èrò wọn ni pé yóò wọ Niger, àmọ́ Parakou ló dúró sí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tí ọkọ̀ èrò kò ti rìn déédéé lórí rẹ̀.

Kí ni ká wá ṣe sí ọkọ̀ tí kò rìn mọ́? Ẹni tó ń ra irin àlòkù ti ní ìdáhùn tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń ta irin.

Ní ìgbèríko Obihiro, ní Hokkaido, lórílẹ̀-èdè Japan, wọ́n ti ojú irin Hiroo pa lọ́dún 1987. Wọn ò ta gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀. Wọ́n gbé díẹ̀ kalẹ̀ sí ibùdókọ̀ Kofuku, orúkọ tó túmọ̀ sí ayọ̀. Oko ló yí ibẹ̀ ká, síbẹ̀ àlejò ń wá. Wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Nítòsí wa, ní Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó, wọ́n tún Jaekel House ṣe, ilé àwọn ọ̀gá rélùwéè tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1898. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè.

Dassa kò ní wá èrò tì. Lóṣù kẹjọ, ọdún iṣu ń kó èrò wá sí Savalou, àwọn Kátólíìkì sì ń rìnrìn àjò mímọ́ lọ sí Dassa. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá wà ní ibùdókọ̀ Dassa, tí wọ́n kùn ún, tí òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì sì ń ṣàlàyé, alátẹ, onímọ́tò àti onílé àlejò láti Dassa dé Bantè ni yóò jẹ níbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ fèrè rélùwéè rí yóò sì mọ ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ wọ̀.