Nígbà Tí Ọ̀fìnkìn Bá Mú Ológbò Ilé

Nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ológbò rẹ̀ ń sín, ojú rẹ̀ ń ṣe ipin, imú rẹ̀ dí. Ìyá àgbà ilé wọn ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní ààbọ̀ hóró paracétamol. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹranko náà ti kú. Ṣé ọ̀fìnkìn ni ó pa á?

Mo tọ oníṣègùn ẹranko kan lọ. Ó ní oògùn náà ni. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára bíi tiwa láti tú paracétamol palẹ̀. Májèlé ni ó ń dà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Hóró kan ṣoṣo lè pa àgbà ológbò, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọmọ rẹ̀. Ilé tí ó ní àká àgbàdo mọ ohun tí irú àdánù bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Virus méjì ni ó sábà máa ń fa ọ̀fìnkìn náà, tí Faransé ń pè ní coryza. Herpèsvirus a máa ba ojú jẹ́. Calicivirus a máa dá egbò sí ahọ́n. Wọn kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa lè gbé wọn fún ológbò mìíràn. Calicivirus lè wà lórí àwo gbígbẹ fún nǹkan bí oṣù kan. Herpèsvirus ní tirẹ̀ kì í kúrò lára mọ́: ó ń sùn níbẹ̀, ìdààmú a sì máa jí i.

Ebi ni kí a bẹ̀rù jù. Imú ni ológbò fi ń mọ oúnjẹ. Bí imú bá dí, ẹja tí ó ń jà lé lórí lánàá, kò ní wò ó lónìí. Ẹ fi omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí, nu ojú àti imú rẹ̀. Ẹ yọ egungun ẹja olóòórùn, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gbé e ka iná díẹ̀ kí ẹ tó fún un. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Ara ọ̀pọ̀ wọn a máa yá láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ṣùgbọ́n bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan, tàbí tí ó ń fi ẹnu mí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko kíákíá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà wà, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Kì í dí àrùn náà lọ́nà pátápátá, ṣùgbọ́n a máa dín agbára rẹ̀ kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti gba ọmọ ológbò mìíràn. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi omi Javel fọ àwo ti àkọ́kọ́, kí ó sì ṣàn án dáadáa.