Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kẹ́yìn Nínú Ìwé Atúmọ̀ Èdè

Ọmọ kíláàsì mi kan ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ìparí, ó ní, “Tíṣà, kí ni zyzzyva?” Ojú tì mí, n kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo tó dá a lóhùn.

Kòkòrò ara ọ̀pẹ ni, láti ilẹ̀ Brazil, ìbátan èyí tí ń jẹ àgbàdo wa nínú àká. Thomas Lincoln Casey, ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1922. Ó jọ pé láti ara Zyzza, orúkọ àtijọ́ kòkòrò mìíràn, ni ó ti fà á yọ. Àwọn tí ń ṣeré Scrabble fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ z mẹ́ta ni ó ń fẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú àpò wọn!

“Báwo ni a ó ṣe kọ ọ́, Tíṣà, àwa tí a kò ní z tàbí v?”

Mo ní kí ó ṣì máa pè é ní kòkòrò ọ̀pẹ Brazil ná.